Ọwọ́ Ọ̀tún Ìbídùn

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1953, Ìbídùn ọmọ Ọdẹ́jìnmí kú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni.

Mo ti sọ ìparí rẹ̀ ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má baà já lu ọ̀rọ̀ mi láti bèèrè pé ṣé ọmọ náà yè. Kò yè. Òjò ló há gbogbo wa mọ́ abẹ́ àtíbàbà yìí, kò sì sí ẹni tí yóò lọ sílé títí yóò fi dá, nítorí náà ẹ fara balẹ̀. Ọdẹ ni mí láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ṣì dúdú. Mo ti bá ẹfọ̀n wọ̀yá ìjà nínú ẹrọ̀fọ̀. Mo ti sùn lórí igi tí ejò wà ní ẹ̀ka rẹ̀, ejò náà ló sì kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tèmi kọ́ ni ti òní. Ti Ọdẹ́jìnmí ni, ọdẹ tó kọ́ mi bí a ṣe ń tọ ipa ẹran.

Ṣówándé ẹlẹ́mu, ìwọ ni ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ yẹn. Sọ ọ́.

"Bàbá, bí ọmọ bá ti kú, kí ló tún kù tí a fẹ́ gbọ́?"

Ibi tí bàbá rẹ̀ bá a dé ló kù. Bu ẹmu sí i fún mi, kí o sì gbé ẹnu rẹ jẹ́ẹ́.

Ìyá Ìbídùn kú nígbà tó ń bí i. Ìyá Ọdẹ́jìnmí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ojúọlápé, ló tọ́ ọmọ náà. Ní ilé Ọdẹ́jìnmí wọn kì í kọlà. Ṣùgbọ́n ní ilé tí wọ́n ti bí Ojúọlápé, ilà kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ, wọn a fà á láti ibi tí irun orí ti bẹ̀rẹ̀ wá sí òkè ojú òsì. Bàbá Ojúọlápé kọ ọ́, nítorí èyí ni wọ́n fi ń pè é ní Onílàkan.

Nígbà tí Ìbídùn di ọmọ ọdún mẹ́fà, ìlà kan yọ sí iwájú orí rẹ̀, lókè ojú òsì gan-an. Abẹ kò kan án, ẹ̀jẹ̀ kò jáde. Ó funfun díẹ̀, ó ń dán bí ìda oyin, kò sì fẹ̀ tó ọmọńdinrín. Ojúọlápé ń wẹ̀ fún ọmọ náà nígbà tó rí i. Ó sọ kànìnkànìn sílẹ̀.

"Ọdẹ́jìnmí! Jáde wá! Bàbá mi ti dé!"

"Bàbá yín wo, Ìyá?"

"Onílàkan! Ta ló kọ ilà fún ọmọ yìí? Ọlọ́run ló kọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kì í kọlà, ẹ wò ó, ilà ilé wa bá yín délé."

Ọdẹ́jìnmí kì í sábà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Wọ́n pa adìẹ. Wọ́n gbé fìlà Onílàkan jáde láti inú àpótí, wọ́n fi dé ọmọ náà lórí. Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá ni ìyá àgbà ń pè é. Bí àwọn obìnrin àdúgbò bá ń kọjá, wọn a kúnlẹ̀ fún un láti fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá wa."

Ìbídùn a fọwọ́ ra àgbọ̀n bí ẹni tó ní irùngbọ̀n. "Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ta ló bá mi mú ẹ̀pà wá nínú yín?"

Ìlà náà ń gùn. Ìyá àgbà ní bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni ilà ń dàgbà. Ó wọ inú irun, irun ibẹ̀ sì re. Wọ́n sún fìlà bò ó. Awọ ibẹ̀ le, ó lẹ̀ mọ́ eegun débi pé ọwọ́ kò lè fà á sókè. Lẹ́yìn náà ó jìn wọnú, tí òjò bá pa ọmọ náà, omi a dúró níbẹ̀. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ ní apá òsì, wọ́n ní túúlu ni. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ó wá ń fi ọwọ́ òsì gba nǹkan. Ojúọlápé gbá ọwọ́ òsì náà.

"Ọwọ́ òsì sí àgbà? Ta ló kọ́ ọ ní ìwà yẹn?"

Ọmọ náà a yára fi ọwọ́ òsì pamọ́ sẹ́yìn, a na ọwọ́ ọ̀tún, àwo a bọ́, a fọ́. Wọ́n ní olórí kunkun ni. Wọ́n tún gbá a. Ó gba ẹ̀kọ́. Nígbà tó fi di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀bá ì báà dà sílẹ̀ tán, ọwọ́ ọ̀tún ni Ìbídùn yóò nà sí àgbà.

Lẹ́yìn náà ni ó ṣubú lulẹ̀ ní ojúde. Ojú rẹ̀ yí sókè, ó ń jà pìtìpìtì, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀.

"Gìrì ni," ni Ojúọlápé wí.

Obìnrin aládùúgbò kan ní, "Ìyá, gìrì kì í mú ọmọ tó ti ń lọ sílé ìwé."

"Gìrì ni mo pè é!"

Kò sí ẹni tó pe orúkọ kejì. Ṣùgbọ́n kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn aládùúgbò ti kó ọmọ wọn wọlé, a sì ya ife kan sọ́tọ̀ fún Ìbídùn nínú ilé bàbá rẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sí dípẹ́ńsárì. Ọkùnrin ibẹ̀ wo ìlà náà, ó fún wọn ní ìpara nínú agolo. Nígbà tí ìṣubú náà pọ̀ sí i, wọ́n gbé e lọ sí ìlú mìíràn, ọkùnrin ibẹ̀ fún wọn ní oògùn oníhóró. Ẹni tó fún un ní ìpara kò bèèrè bóyá ó ń ṣubú. Ẹni tó fún un ní oògùn ìṣubú kò ní kí ó ṣí fìlà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tó ti ṣubú tó sì ti sùn, bàbá rẹ̀ gbé orí rẹ̀ sórí itan. Fìlà bọ́ kúrò. Ọdẹ́jìnmí fi àtàǹpàkò tẹ ìlà náà, láti òkè ojú títí dé àárín orí. Koríko ibẹ̀ ti kú. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti le. Ó ti jìn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ̀yin ọdẹ tí ẹ wà níbí, ẹ mọ ohun tó fọwọ́ kàn. Ibi tí ẹran bá ń gbà kọjá lójoojúmọ́ nínú igbó, báyìí ló ń rí.

"Ìyá," ló wí, "èyí kì í ṣe ilà."

"Kí wá ni?"

"Ipa ni. Nǹkan kan ń gba orí ọmọ mi kọjá."

Ojúọlápé súnmọ́ wọn. "Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Kí ni ọdẹ ń fi ipa ṣe?"

Ó fi ìró ìyá rẹ̀ pọn ọmọ náà, ó gbé ìbọn, àpò àti agbè omi, ó lọ. Ẹ má bi mí ní ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó dúró kí òjò dá, kó lọ fúnra rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó rí ọ̀nà kan tó funfun, tó ń dán, tí koríko kò hù sí, ó sì wọ̀ ọ́. Nígbà tó yà ní ìkọ́ríta àkọ́kọ́ tó sì wẹ̀yìn, ọ̀nà ti pa dé lẹ́yìn rẹ̀ bí ojú egbò tó jinná. Ó fi ìdí ìbọn gbá a. Ó dún ko-ko bí eegun. Igbó Agbárí ló wọ̀ yẹn. Kò sí ẹyẹ níbẹ̀, igi ibẹ̀ sì pá lórí.

"Bàbá," ni Ìbídùn wí lẹ́yìn rẹ̀, "níbo la máa gbà jáde?"

"Ibi tí ọ̀nà bá parí sí."

Ní ẹnubodè igbó náà ni Awọlíle jókòó sí. Ó tóbi bí àká, awọ ara rẹ̀ sì fà le débi pé ètè rẹ̀ kò lè pàdé, eékún rẹ̀ kò lè ká. Láti ìgbà tó ti jókòó kò dìde rí, nítorí kò lè dìde.

"Ọdẹ, dúró! Dáhùn èyí kí o tó kọjá. Kí ló wọlé láìkan ilẹ̀kùn, tó jókòó láìgba àga, tí onílé sì pa adìẹ fún?"

Ọdẹ́jìnmí tó mọ ohùn gbogbo ẹranko ń họ orí. Ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn ló dáhùn.

"Àìsàn mi ni. Èmi ni mo jẹ ẹsẹ̀ adìẹ náà."

Awọlíle fẹ́ rẹ́rìn-ín. Awọ kò jẹ́. Ó tiraka, ó tiraka, omijé ló bọ́ dípò ẹ̀rín. "Ọmọ yìí gbọ́n ju bàbá rẹ̀ lọ. Ẹ wò mí, èmi tí gbogbo ayé ń fi ìpara pa lára. Ìta lásán ni mo wà. Èmi kọ́ ni mo ń rìn. Ẹni tó ń rìn wà nínú."

"Èmi yóò pa á," ni Ọdẹ́jìnmí wí. "Èmi tí mo yìnbọn fún ẹkùn méjì lórí ìdúró kan!"

"Yìn ín dáadáa. Wọlé. Gbogbo wọn ló ń wọlé. N kò tíì rí ẹni tó gba ibí jáde."

Wọ́n wọlé, ẹnubodè sì lẹ̀ pọ̀. Ìlú Ààbọ̀ ni wọ́n bá ara wọn. Gbogbo ènìyàn ibẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ojú wọn kún, ẹ̀gbẹ́ kejì gbẹ bí ẹja tí a yan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ojú kan tó là, ẹsẹ̀ kan tó gùn. Ààbọ̀ òrùlé ló wà lórí ilé wọn. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ṣówándé, o ń rẹ́rìn-ín? Bó bá jẹ́ ìwọ ni, ààbọ̀ agbè ẹmu lo máa tà fún wọn lówó odidi. Ohun tí o sì ń ṣe fún wa níbí náà nìyẹn.

Arúgbó obìnrin kan tọ̀ wọ́n wá. "Ẹ kú à..." ló wí, ó sì dúró síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Àbọ̀," ni Ìbídùn wí.

Ojú obìnrin náà tàn. "Ọmọ mi, láti ọdún wo ni mo ti jẹ i..."

"Iyán."

"Iyán!" Ó kígbe, ó ń jó lórí ẹsẹ̀ kan. Àwọn yòókù gbọ́, wọ́n ya bo ọmọ náà. Ẹni tó ní "aṣ..." gba aṣọ. Ẹni tó ní "òṣù..." gba òṣùpá. Ó ń fún wọn bí ẹni ń pín ẹ̀pà, inú rẹ̀ ń dùn, nítorí ó ti pẹ́ tí ènìyàn ti pọ̀ báyẹn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìsá fún un.

Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kan èjìká bàbá rẹ̀. "Bàbá, òùngbẹ ń gbẹ mí. Ẹ fún mi ní..." Ó wo agbè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. "Ẹ fún mi ní... èyí tó wà nínú rẹ̀."

Ọdẹ́jìnmí gbé agbè náà sókè. "Kí la ń pè é, Ìbídùn?"

Ọmọ náà mi orí. Ó ti fún ẹnì kan.

"Má fún wọn mọ́!"

"Wọ́n ń bẹ̀ mí ni, Bàbá."

Ó fẹ́ sáré. Kò sí ibi tí yóò sáré sí. Àwọn ará ìlú ti so ọwọ́ kan ṣoṣo pọ̀ yí wọn ká bí ọgbà, àwọn ilé sì ń fi ààbọ̀ ìpìlẹ̀ wọ́ súnmọ́ wọn. Wọ́n nawọ́ sí ọdẹ. "Ọdẹ́..." ni wọ́n ń wí. "Ọdẹ́..." Wọ́n fẹ́ ìyókù orúkọ rẹ̀. Ìbídùn yí ọrùn wo ojú bàbá rẹ̀ pẹ́. Ó wá orúkọ náà, kò rí i.

"Bàbá ni mo mọ̀," ló wí.

Wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà lójú ẹsẹ̀. "Bà..." ni gbogbo wọn ń ké. "Bà... Bà..."

Ọmọ náà pa ẹnu dé. Ó di ètè rẹ̀ pọ̀ títí ó fi funfun. Nígbà tó ṣí i, ó ní, "Rárá. Tèmi nìyí."

Láti ìgbà tí ìlú náà ti wà, ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan dù wọ́n rí. Wọn kò mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Ọwọ́ wọn já, ọgbà là, Ọdẹ́jìnmí sì gba àárín wọn kọjá.

Ibi tí ọ̀nà parí sí ni yàrá kan tó rí roboto, ògiri rẹ̀ funfun bí eegun, kò ní ilẹ̀kùn, kò ní fèrèsé. Ihò tí wọ́n gbà wọlé dí lẹ́yìn wọn. Nǹkan kan ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú rẹ̀. Ojú kò rí i, ṣùgbọ́n ibi tó bá dé, ilẹ̀ ibẹ̀ a mì. Agbọnnijìgì ni kí a máa pè é ná. Ọdẹ́jìnmí gbé ìbọn sójú, ó yìn ín. Ìbọn kò dún. Ọta jáde, ó rìn díẹ̀, ó wólẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀.

"Ọdẹ́jìnmí," ni ohùn náà wí, "ìwọ tí o máa ń tọ ipa ẹran kí ìrì tó gbẹ, ìgbà wo lo ti ń wo tèmi?"

Ọdẹ́jìnmí ki ọta mìíràn sínú ìbọn.

"Mo la ọ̀nà lójú yín, ẹ pa adìẹ. Mo lu orí rẹ̀, ẹ ní túúlu. Mo fa ọwọ́ rẹ̀, ẹ bá mi gbá ọwọ́ kejì. Mo mì í, ẹ ní gìrì. Ẹ fún mi ní orúkọ púpọ̀ kí ẹ má baà mọ̀ pé ẹnì kan ni mí. Pe orúkọ mi, ògiri yóò là."

"Gìrì," ni Ọdẹ́jìnmí wí.

Ògiri súnmọ́ wọn.

"Àárẹ̀ ọmọdé."

Ògiri tún súnmọ́. Ó kan èjìká rẹ̀ ní apá méjèèjì. Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́fun rẹ̀, kò jáde, nítorí ilé tí wọ́n bá ti pe ọ̀rọ̀ yẹn, wọn kì í wá fẹ́ ìyàwó níbẹ̀ mọ́.

"Bàbá, ẹ pè é," ni ọmọ náà wí sí i létí. "Wọ́n ti ń pè mí bẹ́ẹ̀ nílé ìwé tipẹ́."

"Wárápá ni!" Ọdẹ́jìnmí pariwo rẹ̀. "Wárápá ló ń ṣe ọmọ mi! Ìlà yẹn, orí yẹn, ọwọ́ yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo wọn!"

Ògiri sán. Ó là tẹ́ẹ́rẹ́, kò fẹ̀ ju kí ènìyàn fi ẹ̀gbẹ́ gbà á.

"O pẹ́ kí o tó pè é," ni Agbọnnijìgì wí, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Máa lọ. Kò gba ẹni méjì pọ̀."

Ọdẹ́jìnmí tú ọmọ sílẹ̀. Ó ju ìbọn nù, ó ju àpò nù. Ó fi ẹ̀gbẹ́ wọ inú ihò náà, ó na ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ìbídùn, fún mi lọ́wọ́. Má jọ̀wọ́ mi."

A ti tọ́ ọmọ náà dáadáa. Ó fi ọwọ́ òsì, èyí tó lágbára, pamọ́ sẹ́yìn. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí bàbá rẹ̀.

Ọdẹ́jìnmí dì í mú. Ó tutù, ó rọ̀, bó ṣe rí láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ń fà á. Ihò náà ń tẹ̀ ẹ́ láyà, kò lè yí orí wẹ̀yìn.

"Ìbídùn!"

"Bàbá."

Ó tún fà. Ó rí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ níwájú.

"Ìbídùn!"

"Bà..."

Ó rò pé èémí ló ń já a. Ó tún pè é, kò gbọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, bákan náà ló sì rí. Ọwọ́ tí kò dì mọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí bí ènìyàn ṣe lè mọ ìgbà tó jọ̀wọ́ni. Ó fà á títí ó fi jáde.

Ojú ọjọ́ ti mọ́ kedere. Ó rí i pé orí ẹní ni òun jókòó sí nínú ilé òun. Ìbídùn dùbúlẹ̀ síwájú rẹ̀, fìlà ti bọ́ lórí rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà wà nínú ọwọ́ rẹ̀. Ojúọlápé dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọdẹ́jìnmí," ló wí, "jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti lọ."

Òjò ti ń dá. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀.

Ọdẹ́jìnmí kò gbé ìbọn mọ́. Ibi tó bá ti gbọ́ pé ilà yọ fúnra rẹ̀ sí iwájú orí ọmọ, yóò lọ síbẹ̀. Yóò fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, yóò sì sọ fún àwọn òbí pé, "Ẹ ṣí fìlà rẹ̀ fún dókítà. Ẹ sọ ti awọ, ti orí, ti ọwọ́ àti ti wárápá papọ̀, kí ẹ má fi ọ̀kan pamọ́." Wọ́n lé e jáde ní ilé kan. Ní àwọn ilé mìíràn wọ́n gbọ́, mo sì mọ ọmọbìnrin kan nínú wọn tó ń lo oògùn rẹ̀ títí di òní, tó ti bímọ. Bí ọmọdé bá sì fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí Ọdẹ́jìnmí, ó máa ń gbà á, ó sì máa ń dúpẹ́.

Ohun tí Ìbídùn fi sílẹ̀ nìyí.

Fìlà kan, ti àgbàlagbà.

Agolo ìpara, ó kù díẹ̀ kó kún.

Ife kan tí ẹlòmíràn kò fi mumi rí.

Àfọ́kù àwo nínú apẹ̀rẹ̀, tí ìyá àgbà kò jẹ́ kí a dà nù.

Síléètì ilé ìwé kan. Ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀, ó sì kọ ọ́ dáadáa.

Ìró tí a fi pọ̀n ọ́n.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ kan, tí bàbá rẹ̀ nìkan gbọ́.